Ìjà Orí Tẹlifíṣọ̀n: Èwo Ló Ṣeé Dá Dúró Nígbà Tí Ládàánì Bá Pe Ìrun?

  

Géèmù oníjà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lọ́sẹ̀ yìí: àwọn tí ó jáde láàárín ọdún 2023 sí 2025, àti àwọn àfikún tí àwọn tí ó ṣe wọ́n tún ṣe sí wọn lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ń gbá wọn ni mí, n kò gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọ̀kan dùn, mo ti fi ọwọ́ ara mi gbá a. Bí mo bá sì sọ pé òmíràn kò yẹ ọmọdé, ojú mi ni ó rí i.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ìwé tí gbogbo ìdílé ń kà kò fara sin. Bí ẹ bá gba Ẹgàn kọjá lọ sí Ìgàndó ní ìrọ̀lẹ́, tàbí bí ẹ bá yà sí àwọn àdúgbò Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn. Ọmọ tí kò lówó ṣọ́ọ̀bù, fóònù ìyá rẹ̀ ni ó ń lò nínú ilé. Nígbà tí ó bá di àkókò ìrun Mọ̀gàríbì, ládàánì yóò pe ìrun, ìyá yóò sì pe ọmọ. Ìdáhùn tí ìyá máa ń gbọ́ kì í ju ọ̀kan lọ: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò ṣeé dá dúró!”

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá rò pé ọmọ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ rò pé ìyá òun kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí òun ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí nìyí: nígbà mìíràn, òtítọ́ ni ọmọ náà ń sọ, nígbà mìíràn, irọ́ pátápátá ni. Géèmù kan wà tí ó ṣeé dá dúró lójú ẹsẹ̀, òmíràn sì wà tí kò ṣeé dá dúró rárá. Òbí tí kò bá mọ ìyàtọ̀ kò lè ṣe ìdájọ́ òdodo láàárín òun àti ọmọ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n Tí Mo Ń Lò

Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa géèmù sábà máa ń wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ tó, bí ìjà rẹ̀ ṣe gbóná tó, àti iye wákàtí tí a ó fi gbá a tán. Èmi náà ń wo gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilé Mùsùlùmí, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn: bí ládàánì bá pe ìrun báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí eré yìí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdáhùn pín sí. Èkíní ni géèmù tí a ń tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo fún, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ yóò dúró sójú kan títí a ó fi kírun tán tí a ó sì padà dé. Èkejì ni èyí tí kì í dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń rántí ibi tí a dé bí a bá jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń bá àwọn ẹlòmíràn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jẹ́ pé bí a bá kúrò níbẹ̀, a ti já àwọn ẹgbẹ́ wa kulẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta yìí sọ́kàn, kí a wá yẹ àwọn géèmù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Baghdad Ayé Àwọn Kálífà

Assassin’s Creed Mirage ni a ó fi ṣáájú, nítorí òun ni ó sún mọ́ ilé Mùsùlùmí jù. Ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ìlú Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn Kálífà ìran Abbas ń jọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Basim ni a ó máa darí. Olè ojú pópó ni nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀; nígbà tí ó yá, ó wọ ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tí ń pa àwọn aninilára.

N kò tí ì rí géèmù tí ó ya ìlú Mùsùlùmí dáradára bí èyí. Ìlú tí Kálífà al-Mansur tẹ̀ dó ní ọdún 762, tí wọ́n mọ odi rẹ̀ yí po róbótó, wà níbẹ̀. Ilé Ọgbọ́n, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá, wà níbẹ̀. Bí Basim ti ń sáré lórí òrùlé, ẹ ó gbọ́ ohùn ládàánì tí ń pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí. Ìwé ìtàn kan tún wà nínú géèmù náà tí ó ń ṣàlàyé bí àwọn ará Baghdad ìgbà náà ṣe ń ṣòwò, bí wọ́n ṣe ń ṣètọ́jú aláìsàn, àti bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀, pẹ̀lú àwòrán àwọn ohun àtijọ́ gidi. A sì lè yàn án kí gbogbo wọn máa sọ èdè Lárúbáwá. Ọmọ ilé kéú tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò dá ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ̀ níbẹ̀.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, fífarapamọ́ àti sísáré lórí òrùlé ni ó dùn jù. Ìjà ojúkojú rẹ̀ kò tó nǹkan: a ó gba idà ọ̀tá dúró, a ó dá tiwa padà, a ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi sú wa. Ohun kan tí mo gbóríyìn fún àwọn tí ó ṣe é ni pé wọn kò gbà kí a máa pa aráàlú. Bí a bá dàńwò, géèmù yóò kìlọ̀. Bí a kò bá gbọ́, yóò dá wa padà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, n kò ní tan yín. Yíyọ owó lápò ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí Basim ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ó wọ̀ yẹn kì í ṣe ìtàn ẹ̀sìn wa, àròsọ ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 18 ni àwọn ará Yúróòpù kọ sára páálí rẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí Baghdad inú rẹ̀ lẹ́wà tó. Ọ̀nà kìíní ni géèmù yìí wà. Ẹni tí ó bá ń gbá Mirage, tí ó sì sọ pé kò ṣeé dá dúró, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ṣe àfikún sí i tí wọ́n pè ní Valley of Memory, ọ̀fẹ́ sì ni. Àfikún dà bí yàrá tí a kọ́ mọ́ ara ilé: ẹni tí kò bá ní ilé náà kò lè wọ yàrá náà. Nínú èyí, Basim lọ sí AlUla ní ilẹ̀ Saudi Arabia láti wá ìròyìn bàbá rẹ̀. Agbègbè yẹn kan náà ni al-Hijr wà, ibi tí a mọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn Thamud tí Ọlọ́hun rán Ànábì Sọ́líhù sí. Bàbá tí ó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ nígbà tí òkè àti àpáta wọ̀nyẹn bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ní ìtàn gidi tí ó lè sọ fún un, tí ó ju ti Basim lọ.

Ọmọ Tí Ó Ń Ṣọ̀fọ̀ Bàbá Rẹ̀

Basim nìkan kọ́ ni ó ń wá bàbá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Tales of Kenzera: Zau jáde. Abubakar Salim, òṣèré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìran rẹ̀ ti Kenya wá, ni ó dá ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sílẹ̀. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú géèmù mọ ohùn rẹ̀, nítorí òun ni ó sọ̀rọ̀ fún Bayek nínú Assassin’s Creed Origins ní ọdún 2017. Bàbá rẹ̀ kú, ìbànújẹ́ náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Inú ìbànújẹ́ yẹn ni ó ti fa géèmù yìí yọ.

Ìtàn náà kò gùn. Bàbá Zau kú, Zau sì bá ikú dá májẹ̀mú pé bí òun bá mú àwọn ẹ̀mí ńlá mẹ́ta wá, kí ó dá bàbá òun padà. Ó ń fi agọ̀ méjì jà: agọ̀ oòrùn ní iná, ti òṣùpá ní yìnyín, a ó máa yí láti ọ̀kan sí èkejì bí ìjà bá ṣe wá. Ó yá lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì rẹwà. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ọ̀tá inú rẹ̀ kò pọ̀ ní irú, kò sì pẹ́ tí a fi ń gbá a tán.

Mo mọ̀ pé àwọn àlùfáà wa yóò bojú wo agọ̀ àti ẹ̀mí wọ̀nyẹn, wọ́n sì ní ìdí. Ìtàn àwọn ẹ̀yà Bantu ni wọ́n ti mú wọn, kì í ṣe ìmọ̀ wa. Ọmọ Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ọlọ́hun nìkan ni ó ń dá ẹ̀mí, Òun nìkan ni ó sì ń gbà á. Ikú kò ní ọjà tí a ti ń ná an. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí n kò fi ní kí ẹ jù ú nù. Ilé pọ̀ ní àdúgbò wa tí bàbá ti ṣíwájú, tí ọmọkùnrin ilé náà kò sì sunkún rí lójú ẹnikẹ́ni. Ìbànújẹ́ ọmọkùnrin sábà máa ń gba ọ̀nà ìbínú jáde: yóò máa lu àbúrò, yóò máa sá ní ilé ìwé. Géèmù yìí fi ọmọkùnrin kan hàn án tí ó bínú, tí ó jà títí, tí ó wá rí i pé ìjà kò lè dá òkú padà. Mo mọ ìwọ̀nba ìyá tí ó lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yé ọmọ. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì fi àdúrà fún òkú parí rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni Zau náà wà. Ó ṣeé dá dúró nígbàkígbà.

Ìjà Tí Kì Í Pa Ènìyàn

Marvel’s Spider-Man 2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 fún PS5. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn rara pé PS5 ni, nítorí kò ṣiṣẹ́ lórí PS4 rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́ méjì, Peter Parker àti Miles Morales, ni wọ́n ń fò láti ilé gogoro kan sí èkejì ní New York, tí wọ́n ń fi òwú aláǹtakùn de àwọn ọ̀daràn. Wọn kì í pa wọ́n. Wọn a dè wọ́n mọ́ ògiri títí ọlọ́pàá yóò fi dé. Èyí ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí géèmù ìjà tí kò kọ́ ọmọ ní ìpànìyàn. Èyí já wọn nírọ́.

Ohun tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ tún jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Aṣọ dúdú kan bọ́ sí Peter lọ́wọ́, ó fún un lágbára, ó sì sọ ọ́ di agbéraga tí ń jágbe mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Miles ní tirẹ̀ pàdé ọkùnrin tí ó fa ikú bàbá rẹ̀, ó sì ní láti yàn láàárín ẹ̀san àti kí ó jẹ́ kí ọkàn òun sinmi. Sùúrù àti ìdáríjì ni a ń wàásù fún àwọn ọmọ wa lójoojúmọ́. Níhìn-ín, wọ́n ń rí ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ jà nítorí wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi T sára rẹ̀, èyíinì ni ọmọ ọdún 13 sókè. Àwọn ará Yúróòpù kọ 16. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ lónìí, òun ni mo lè fi sọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí kò tí ì pé ọdún 18 tí ọkàn mi yóò sì balẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni òun náà wà.

Ibi Tí A Ti Ń Dán Sùúrù Wò

A wá dé orí èyí tí ó le. Ilé iṣẹ́ FromSoftware ti ilẹ̀ Jàpáánì gbé Elden Ring jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Àfikún rẹ̀, Shadow of the Erdtree, dé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ ìjà nìkan ni mo fẹ́ dájọ́ lé lórí, òun ni mo fi ṣe èkíní. Gbogbo ìlù idà ní ìwọ̀n, gbogbo ọ̀tá ní àṣà tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ́. A ó kú, a ó tún kú, a ó kú nígbà ogún kí a tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a yẹ̀ sí apá ọ̀tún. Inú ẹni tí ó bá borí ọ̀tá níbẹ̀ yóò dùn, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ta òun lọ́rẹ.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ lórí owó. Ẹni tí ó bá ra àfikún yìí láìní Elden Ring gangan ti sọ owó rẹ̀ nù. Pẹ̀lú pé ó ní i pàápàá, kò lè wọlé títí yóò fi ṣẹ́gun ọ̀gá ìjà méjì, Radahn àti Mohg, tí kò rọrùn rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tí ì rí ojú Mohg. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí mi dáradára. Elden Ring kò ní bọ́tìnnì ìdádúró bí ti àwọn yòókù. Bí ọmọ bá ṣí àpò rẹ̀ láàárín ìjà, ọ̀tá kì í dúró dè é. Ọ̀nà kejì ni ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn ibi ìsinmi wà káàkiri tí ó lè jókòó sí, tí ó sì lè jáde láìpàdánù ohunkóhun. Nítorí náà, bí ó bá sọ pé, “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, mà, kí n dé ibi ìsinmi,” òtítọ́ ni. Bí ó bá béèrè fún ìdajì wákàtí, ó ti ń sọ nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún mú Elden Ring Nightreign wá, níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń jùmọ̀ jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìrìn àjò kan níbẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Mọ̀gàríbì ku ìṣẹ́jú 20 mọ̀ dájú pé ojú ìjà ni ìrun yóò bá òun. Ọ̀nà kẹta gan-an nìyẹn.

Àwọn Ológun Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Call of Duty ni ọba àwọn géèmù ọ̀nà kẹta. Ọdọọdún ni ó ń jáde. Ìbọn rẹ̀ yá lọ́wọ́ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, apá ìtàn wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè dá gbá, tí ó sì lè dá dúró bí ó bá fẹ́. Nígbà tí Black Ops 7 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àní apá ìtàn náà kò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ṣeé dá dúró, bí ènìyàn tilẹ̀ ń dá a gbá. Àwọn tí ń gbá a káàkiri ayé pariwo lé e lórí, mo sì bá wọn pariwo. Géèmù tí kò jẹ́ kí a dìde lọ mu omi ti gba àyè ju èyí tí a fún un lọ.

Ẹ má gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn tí ń gbá Call of Duty: Vanguard rí ojú ewé Àlùkùránì tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú apá kan rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí fi ohùn ṣe ọ̀kan, wọ́n sì kọ̀wé. Ilé iṣẹ́ Activision tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn Mùsùlùmí tí ń gbá a ni ó rí i. Bí kò bá sí ẹnì kan nínú wa tí ń wo nǹkan wọ̀nyí, ta ni ìbá sọ̀rọ̀?

Orí fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ẹgàn ti ń jagun tiwọn: Call of Duty: Mobile, Free Fire, àti PUBG Mobile. Nínú Free Fire, ènìyàn 50 ni wọ́n ń jù sí erékùṣù kan kí wọ́n pa ara wọn kù sí ẹnì kan. Ìdíje kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú PUBG, 100 ni wọ́n, ó sì lè tó ìdajì wákàtí. Kò sí èyí tí ó ṣeé dá dúró nínú wọn. Nítorí náà, ọmọ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé ìrun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì wọlé. Orí ìyẹn ni kí ẹ ti bá a wí, kì í ṣe orí pé kò dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mìíràn ni ohùn. Nínú àwọn géèmù yìí, àwọn tí ń gbá a ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tí ọmọ yín ń bá ṣàwàdà sì lè jẹ́ àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ṣeé pa. Ẹ ní kí ó fi ibi tí a ti ń pa á hàn yín, kí ó sì pa á lójú yín.

Owó Àti Tẹ́tẹ́

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, dọ́là 70 ni Spider-Man 2, Mirage jẹ́ 50, àfikún Elden Ring jẹ́ 40, Zau sì jẹ́ 20. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, Spider-Man 2 nìkan jẹ́ 105,000 náírà, Zau sì jẹ́ 30,000. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án.

Èyí tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni èyí tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. A kì í sanwó wọ Free Fire, ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì orí fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí a fi ń ra aṣọ àti awọ ìbọn. Nígbà mìíràn, kì í ṣe aṣọ ni ọmọ ń rà: ó ń sanwó kí wọ́n yí nǹkan kan, bóyá orí rẹ̀ lè bá a ṣe é kí aṣọ tí ó fẹ́ já sí i lọ́wọ́. Kí ni a ń pe èyíinì ní èdè wa? Tẹ́tẹ́ ni. Ní ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí oríire bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ wọn. Àwa kò ní láti dúró de Bẹ́ljíọ̀mù: ẹsẹ 90 nínú Súrà al-Máídà ti ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí tipẹ́tipẹ́.

Ohun Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹ Ṣe

Kìíní, ẹ wo ara páálí tàbí àwo géèmù. Àwọn tòkunbọ̀ tí ń wọ Èkó máa ń gba Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wá. Ti Yúróòpù ní nọ́ńbà: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ti Amẹ́ríkà ní lẹ́tà: E fún gbogbo ènìyàn, T fún ọdún 13 sókè, M fún ọdún 17 sókè.

Èkejì, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ṣeé dá dúró? Bí kò bá ṣeé dá dúró, ìṣẹ́jú mélòó ni? Ẹ wo aago, kí ẹ wo àkókò ìrun, kí ẹ wá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí yóò gbà yín lọ́wọ́ ariwo púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín sílẹ̀ fún ọmọ, kí ẹ sì yọ káàdì yín kúrò lórí fóònù tí ó fi ń gbá géèmù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí ẹ ní kí ó ṣàlàyé fún yín. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ìyá òun mọ Basim àti Miles kò ní fi géèmù burúkú pamọ́ fún un pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tiyín ló kù. Òtítọ́ ni pé àwọn eré kan kò ṣeé dá dúró. Bí ẹ bá ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún Spider-Man àti Mirage, tí ẹ mọ̀ pé bọ́tìnnì kan ni, ẹ ti ba òtítọ́ jẹ́ mọ́ ara yín lọ́wọ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lójú ìjà gidi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yín, tí ẹ sì nílò ìṣẹ́jú méjì, ìyá yín kò ní gbà yín gbọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú méjì náà ni.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kún ọkàn wọn, kí Ó má sì jẹ́ kí eré gba ìrun lọ́wọ́ wọn. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Màásàláámà.